Ilẹ̀kùn Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ń Ṣí, Tí Wọ́n Ń Tì

Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ kí á jọ wo ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹta ọdún 2020 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Kì í ṣe ọ̀ràn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀ràn owó tí ẹnì kan kó jẹ. Ọ̀ràn ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà wà lóde, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn náà? Ta ni yóò ṣí i? Ọjọ́ wo ni yóò jẹ́, báwo ni wọn yóò sì ṣe sọ ọ́ fún òbí tí ó ní iṣẹ́ láti lọ láàárọ̀ ọ̀la? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bí òbí nínú, wọ́n bí olùkọ́ nínú, wọ́n sì mú kí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà dìbò pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú olórí ìlú mọ́.

Ẹlòmíràn nínú yín lè bi wá pé, "Kí ló kàn wá ní New York?" Àwọn ènìyàn wa wà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá, àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn, kò kéré ní Bronx àti ní Brooklyn. Wọ́n ní mọ́sáláṣí níbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú yín ló ti di oyè kan mú nínú ẹgbẹ́: akọ̀wé, akápò, olùdarí ìpàgọ́. Ẹni tí ó bá ti yí ọjọ́ ìpàgọ́ padà rí nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti san owó ọkọ̀, tí ó sì rí bí ojú wọn ṣe rí lọ́jọ́ náà, ó ti tọ́ díẹ̀ wò nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Ìlú tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan

Ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sí ìlú tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba rẹ̀ pọ̀ tó ti New York. Nígbà tí àrùn náà dé, wọ́n tó nǹkan bí 1,100,000. Ẹ ro iye yẹn wò. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ló wà tí gbogbo ará ibẹ̀, tọmọdé tàgbà, kò tó bẹ́ẹ̀. Ju ìlàjì àwọn ọmọ náà lọ ló wá láti ilé tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn tí kò ní ilé tiwọn rárá, tí wọ́n ń sùn ní ibùwọ̀ tí ìjọba pèsè fún aláìnílé tàbí tí wọ́n ń bá ẹbí há ara wọn mọ́ yàrá kan, lé ní 100,000. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ibi ìwé nìkan. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán ti ń wá. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń móoru nígbà òtútù.

Láti ọdún 2002 ni òfin ti gbé àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí lé méyọ̀ lọ́wọ́, ìyẹn ẹni tí ará ìlú dìbò yàn láti ṣe olórí ìlú. Bill de Blasio ló wà nípò náà ní ọdún 2020, Richard Carranza sì ni ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ tí ó yàn. Ṣùgbọ́n lókè méyọ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ wà, Andrew Cuomo, ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn náà mú kí wọ́n fún ní agbára pàjáwìrì. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Síbẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀. Àwọn baba wa ní àgbò méjì kì í mu omi nínú igbá kan, àwọn àgbò méjì yìí sì ni a gbé igbá ilé-ẹ̀kọ́ sí láàárín.

Ìgbà tí wọ́n tì í

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn olùkọ́ àti ọ̀pọ̀ òbí ti ń pariwo pé kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́. Méyọ̀ kọ̀. Kì í ṣe pé kò ní ìdí: níbo ni ọmọ aláìnílé yóò ti jẹun? Ta ni yóò mú ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ìlú nílò ní ilé ìwòsàn? Àfi bí ó ṣe di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù náà, tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Láti ọjọ́ kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò tì. Òbí tí ó ti ń ṣètò bí ọmọ yóò ṣe jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ pé ọmọ kò lọ síbì kankan.

Àrùn náà jà ní ìlú yẹn bí iná ọ̀gbẹlẹ̀. Kí ọdún tó pé ìdajì, ó ti pa ju 20,000 ènìyàn lọ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ó bá a lọ lé ní 70, olùkọ́ sì wà nínú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí òun ló ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ gbà pé bí wọ́n bá ti tì í ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni, àwọn ẹlòmíràn kì bá má kú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, méyọ̀ kéde pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣí mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gómìnà ti jáde wí pé èrò méyọ̀ lásán ni ìyẹn, pé òun ni òfin fún ní àṣẹ, òun kò sì tíì pinnu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, gómìnà kan náà kéde pé ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ṣí mọ́ títí ọdún ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òbí fi dúró láti gbọ́ ohun tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ni ẹ̀kọ́ láti ilé lórí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìlú ra iPad 300,000 fún àwọn ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ. Ó ṣe dáadáa níbẹ̀, a kò ní fi dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kì í kọ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ ibùwọ̀ aláìnílé ni íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró, ọmọ mẹ́ta sì lè wà nínú yàrá kan, kí olùkọ́ mẹ́ta máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti oúnjẹ, wọ́n ṣí ibi tí ó ju 400 lọ tí ẹnikẹ́ni lè ti wá gbà á láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ Rámàdánì ọdún náà dé ní òpin oṣù kẹrin, ìlú pèsè oúnjẹ hàláàlì 500,000 fún àwọn Mùsùlùmí tí ìyà àkókò náà ń jẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣàríwísí aláṣẹ gbọ́dọ̀ lè ka irú nǹkan báyìí pẹ̀lú.

Ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀ràn kan

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, àrùn náà rọlẹ̀ ní New York. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, méyọ̀ kéde ètò tuntun: ọmọ yóò máa lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ní àwọn ọjọ́ tí ó kù. Òbí tí kò bá fẹ́ lè fi ọmọ rẹ̀ sílé pátápátá. Ní oṣù kẹjọ, gómìnà ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà ṣí níbi tí àrùn kò bá pọ̀. Méyọ̀ New York fẹ́ kí tirẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn kò ní ṣí, ó sì wù ú kí New York jẹ́ àkọ́kọ́.

Àwọn olùkọ́ ní kí ó dúró ná. Ilé-ẹ̀kọ́ New York, àgbà ilé ni púpọ̀ nínú wọn. Fèrèsé mìíràn kò ṣeé ṣí mọ́, ẹ̀rọ tí ó yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ síta sì ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ìlú rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ yẹ yàrá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣù ilé ìyàgbẹ́ ni àwọn kan nínú wọn so mọ́ orí ọ̀pá, tí wọ́n nà án sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ láti mọ̀ bóyá yóò mì. Ìwádìí náà kì í ṣe irọ́, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ń fà, tíṣù yóò mì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán ọ̀pá àti tíṣù náà tàn ká ìlú, ẹ̀rín ló pa àwọn kan, ẹkún ló sì fẹ́ẹ̀ gbọ̀n àwọn tí yóò jókòó sí yàrá náà fún wákàtí mẹ́fà.

(A rí i nínú ìtàn pé ìlú yìí kan náà kò ti ilé-ẹ̀kọ́ rárá nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ńlá ti ọdún 1918. Royal Copeland tí ó ń ṣe àkóso ìlera nígbà náà sọ pé ọmọ sàn jù nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ju inú ilé híháhá tí àwọn tálákà ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn, dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yẹ àwọn ọmọ wò. Ní ọdún 2020, ọ̀kan nínú ohun tí ẹgbẹ́ olùkọ́ ń béèrè ni pé kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.)

Òfin ìpínlẹ̀ New York kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ olùkọ́, tí Michael Mulgrew jẹ́ olórí rẹ̀, múra láti dìbò lórí ìyanṣẹ́lódì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, àwọn àti méyọ̀ fẹnu kò: wọ́n sún ìwọlé sí ọjọ́ 21. Àwọn òbí ṣètò iṣẹ́ wọn mọ́ ọjọ́ 21. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ní ọjọ́ 17, wọ́n tún sún un: kí àwọn ọmọ kéékèèké jùlọ àti àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú pàtàkì wọlé ní 21, kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọlé ní 29, kí àwọn àgbà ọmọ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ìdí? Olùkọ́ kò tó. Bí ọmọ kan bá ń wá sí kíláàsì, tí èkejì rẹ̀ wà nílé, a nílò olùkọ́ níbí, a tún nílò olùkọ́ lọ́hùn-ún. Ohun tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń wí láti oṣù keje nìyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ wọn dìbò pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú méyọ̀ àti Carranza mọ́, wọ́n sì rọ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí ó wá gba àkóso.

Ní ojú tiwa, sísún ọjọ́ kọ́ ló burú jù. Àrùn ni ó ń darí ọjọ́, kì í ṣe ènìyàn. Èyí tí ó burú ni pé ẹni tí ó mọ iye yàrá àti iye olùkọ́ ti sọ òótọ́ ní oṣù keje, a kò sì gba òótọ́ náà wọlé àfi nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Umar ní Sargh

Kí á tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀ràn kan tí púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ní ilé kéwú, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà kà pẹ̀lú ojú ẹni tí yóò ṣe ìpinnu. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh. Àwọn olórí ọmọ ogun, Abu Ubaidah pẹ̀lú wọn, wá pàdé rẹ̀ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Umar kò dá ìpinnu ṣe. Ó kọ́kọ́ pe àwọn tí ó ṣí kúrò ní Mẹ́kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu wọn kò kò: àwọn kan ní kí ó máa lọ, àwọn kan ní kí ó padà. Ó ní kí wọ́n dìde. Ó pe àwọn Ansari ará Mẹ̀dínà. Ẹnu tiwọn náà kò kò. Ó ní kí wọ́n dìde. Ó wá pe àwọn àgbà Kùráìṣì tí ó ṣí ní ìgbà ìṣẹ́gun Mẹ́kà, àwọn wọ̀nyí sì fohùn ṣọ̀kan pé kí ó má ṣe kó àwọn ènìyàn wọ inú àrùn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí. Ó kéde fún gbogbo àgọ́ pé ní òwúrọ̀, òun yóò gun ẹran òun padà sílé, kí gbogbo wọn múra. Ọ̀rọ̀ kan, láti ẹnu kan, kí oníkálukú tó sùn. Abu Ubaidah bi í ní gbangba pé ṣé ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar kò bínú lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáhùn pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá fi ẹni tí ó ń da ràkúnmí ṣe àpẹẹrẹ: bí àfonífojì bá ní apá tútù àti apá gbígbẹ, èyíkéyìí tí ó bá dà wọ́n sí, kádàrá ni. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Auf dé, tí ó sọ ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu Ánábì: kí ènìyàn má wọ ìlú tí àrùn wà, kí ẹni tí ó sì wà níbẹ̀ má sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì kọrí sílé.

Kì í ṣe pé Umar ní ìmọ̀ ìṣègùn tí méyọ̀ New York kò ní. Ìmọ̀ tí ó ní kò tó ti méyọ̀ rárá. Àwọn tí ó bi léèrè sì yapa ní ẹ̀ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà, olùkọ́ àti òbí ṣe yapa ní ọdún 2020. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn tí ó tẹ̀lé e rí bí ó ṣe ń béèrè, wọ́n gbọ́ ìpinnu kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí kò sì gbà gbọ́ ìdáhùn tí ó lè fojú inú rí.

Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún

Ẹ padà sí New York. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣí ni méyọ̀ ti ṣe àdéhùn kan pẹ̀lú ìlú. Ó ní lójoojúmọ́ ni àwọn yóò máa ka iye ènìyàn tí àyẹ̀wò bá àrùn lára wọn. Bí àròpọ̀ ọjọ́ méje bá fi hàn pé mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a yẹ̀ wò ló ní in, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò tì. Márùn-ún ni ìlànà ìpínlẹ̀ fún ṣíṣí. Méyọ̀ yan mẹ́ta kí ọkàn olùkọ́ lè balẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ àti olùkọ́ wò nínú ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tí ó ní àrùn níbẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbomú, ìjókòó jíjìnnà síra, fèrèsé ṣíṣí, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àrùn ń gòkè nínú ìlú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, méyọ̀ kìlọ̀ fún òbí pé kí wọ́n wá ọ̀nà sílẹ̀, ó lè tì ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, kò tì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, kò tì. Láàárín kan náà, ọjọ́ 15 ni ọjọ́ ìkẹyìn tí òbí tí ó fi ọmọ sílé lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kí ó padà sí kíláàsì. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣèlérí pé irú àyè bẹ́ẹ̀ yóò máa wá ní ìgbà mélòó kan lọ́dún. Nísinsìnyí wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 18, méyọ̀ yẹ kó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò yọjú. Aago méjìlá kọjá. Ní ọ̀sán, gómìnà jókòó níwájú àwọn oníròyìn tirẹ̀, wọ́n bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣí lọ́la, ó sì ń bá wọn jiyàn bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà tí ìwé láti ọwọ́ Carranza fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí méyọ̀ sì kọ ọ́ sórí Twitter: iye náà ti di mẹ́ta géérégé, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò tì láti ọ̀la. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀, iye tirẹ̀ sì kéré sí mẹ́ta. Ìlú kan, àrùn kan, ìṣirò méjì.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tí ó ń tọ́jú arúgbó ní ilé onílé, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń ṣe lọ́hùn-ún. Ẹnu iṣẹ́ ni ó wà ní ọ̀sán ọjọ́rú yẹn. Ọmọ ọdún méje rẹ̀ kò ní ibi tí yóò lọ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀. Bí kò bá lọ síṣẹ́, kò ní gbowó. Ní ọ̀nà ilé, ó kọjá níwájú ilé oúnjẹ tí àwọn ènìyàn jókòó sí láìbomú tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, nítorí pé gómìnà ni ó ní àṣẹ lórí ìyẹn, kò sì tíì tì wọ́n. Ilé ọtí ṣí, ilé eré ìdárayá ṣí, ilé-ẹ̀kọ́ tì. Èyí ni ohun tí ó gbé àwọn òbí jáde sí ìgboro pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, méyọ̀ kéde pé àwọn ọmọ kéékèèké yóò padà ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò sí mọ́, ó ti pa á tì. Iye náà ti súnmọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀. A tì í ní mẹ́ta, a ṣí i ní nǹkan bí mẹ́rin! A kò sọ pé ìpinnu kejì kò dára, a tilẹ̀ gbà pé ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó wo inú ilé-ẹ̀kọ́ gan-an, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ àwọn ọmọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún gba àdéhùn tí ó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́?

Ta ni ń pariwo, ta ni ó dákẹ́?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ènìyàn bá gbọ́ ariwo àwọn òbí tí ó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, yóò rò pé gbogbo òbí ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú 1,100,000 ọmọ, nǹkan bí 300,000 péré ló jókòó sí kíláàsì ní ìgbà náà. Gbogbo àwọn yòókù wà nílé, òbí wọn ló sì yàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó kò pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba New York, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jù bí ó ti yẹ lọ láàárín àwọn tí ó padà sí kíláàsì. Àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú, àwọn tí ó ń sọ èdè Sípéènì, àti jùlọ àwọn ará Éṣíà, ni ó fi ọmọ sílé.

Kí ló fà á? Àdúgbò wọn ni àrùn ti jà jù. Àdúgbò kan wà ní Queens tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Corona láti ayébáyé, ó sì wà lára ibi tí àrùn Kòrónà ti pa ènìyàn jù ní ìlú náà. Níbi tí bàbá àgbà, ìyá àgbà àti ọmọ mẹ́rin ti ń gbé nínú yàrá méjì, ìyá kò lè fi ọmọ ránṣẹ́ kó lọ gbé ikú wálé. Òun náà ń bínú, ṣùgbọ́n kò ní àyè láti gbé pátákó. Ìbínú tirẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ láti ilé kò dára tó, gbogbo ọgbọ́n ìlú sì ti lọ sórí bí ilẹ̀kùn yóò ṣe ṣí. Aláṣẹ tí ó bá ń fi ariwo wọn ìlú yóò gbọ́ ti ẹni tí ó ní àyè láti pariwo. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa nínú ẹgbẹ́ tiwa: ní ìpàdé wa, àwọn wo ni kì í sọ̀rọ̀, kí ni a sì ṣe láti gbọ́ tiwọn?

Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà mọ bí a ti ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ aláṣẹ láìpariwo lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ìdánwò ìjọba bọ́ sí ọjọ́ Iléyá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ilé-ẹ̀kọ́ máa gba ìsinmi ní ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ọdún Iléyá. Wọ́n darapọ̀ mọ́ àwọn Kristẹni, àwọn Júù àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí i ní ọdún 2009, méyọ̀ ìgbà náà kọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n tún padà lọ. De Blasio ṣèlérí rẹ̀ nígbà tí ó ń wá ìbò ní ọdún 2013, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2015. Ọdún mẹ́sàn-án! Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kò ṣe lè bú ọkùnrin náà tán ní ọdún 2020, bí ó tilẹ̀ rẹ̀ wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìlú kan náà dìbò yan Zohran Mamdani, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ méyọ̀ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni a ó máa gbé ìpinnu lé lọ́wọ́ títí láé.

Bí ọdún 2021 ti wọlé, ìlànà mìíràn tún ń dààmú òbí: bí a bá rí ọmọ tàbí olùkọ́ méjì tí àrùn mú, tí a kò sì rí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, gbogbo ilé náà yóò tì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Alẹ́ ni òbí sábà máa ń gbọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè tì, kó ṣí, kó tún tì láàárín oṣù kan. Ní oṣù kẹrin ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin. Carranza ti fi ipò sílẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Meisha Porter sì gba ipò rẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jókòó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ṣí fún gbogbo ọmọ, lójoojúmọ́, ẹ̀kọ́ láti ilé sì dópin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àrùn náà tún gbéra pẹ̀lú orúkọ tuntun, Omicron. Eric Adams ti di méyọ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn kò ní tì. Kò tì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé, ọjọ́ 3 oṣù kìíní, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ni kò yọjú. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn ẹgbẹ́ yín ní ọjọ́ orí, dìde láàárín ẹ̀kọ́, wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù, wọ́n sì rìn jáde sí títì láti béèrè pé kí wọ́n fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà ní àyè láti máa kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé.